Kọ Orúkọ Rẹ Kí N Tó Kan Ìṣó

Òórùn pákó tútù tó dàpọ̀ mọ́ kẹrosíìnì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àmùkòkò, ní Ajégúnlẹ̀. Iṣẹ́ bàbá mi ni kí wọ́n máa tú àpótí ńláńlá tí wọ́n fi ń kó ẹrù wá sí wọ́ọ̀fù Àpápá, kí wọ́n sì ta pákó rẹ̀ fún àwọn kápẹ́ńtà. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń tò ó sí. Tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, gbogbo yàrá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wà nílé wa ló máa gbóòórùn rẹ̀. Kẹrosíìnì yẹn, tèmi ni. Òun ni mo ń bù sí ìyókù ọ̀dà tí àwọn wẹ́dà àdúgbò bá jù nù, kó lè ṣàn. Orín ni búrọ́ọ̀ṣì mi. Màá rún un títí ẹnu rẹ̀ á fi rí bí ìgbálẹ̀, màá wá tì í bọ ọ̀dà. Pákó tó bá sán, tí bàbá mi kò lè tà, ni mò ń yàwòrán sí.

Èyí tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀, màámi ni mo yà. Wọ́n dúró nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń retí kó kàn wọ́n, kẹ́ẹ̀gì búlúù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì. Bí wọ́n ṣe máa ń dúró nìyẹn tó bá ti rẹ̀ wọ́n. Ìyá Nkechi tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa rí i, ó bú sẹ́rìn-ín: “Chai! Na Mama Síkírá be dis! See her leg!”

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí àwọn àlejò kan wá sí ilé ìwé wa, kámẹ́rà lọ́rùn wọn. Tíṣà ní kí ẹni tó bá mọ àwòrán yà gbé tiẹ̀ wá, mo sì gbé àwòrán màámi lọ. Àwọn àlejò fún wa ní bísíkíìtì. Wọ́n ya fọ́tò ẹsẹ̀ wa tí kò wọ bàtà. Obìnrin kan nínú wọn bi mí bóyá a níná nílé, ó bi mí bóyá mo jẹun láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò bèèrè orúkọ mi. Wọ́n kó àwòrán wa sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ fi han aráyé, àwọn á dá a padà kí a tó gba ọlidé. Tíṣà ní ká pàtẹ́wọ́ fún wọn, a sì pàtẹ́wọ́. Títí dòní, tí mo bá rántí àtẹ́wọ́ yẹn, ara mi máa ń gbóná. Wọ́n jà wá lólè, a tún dúpẹ́.

Ọlidé dé, àwọn àlejò ò dé. Mo sunkún títí. Màámi ní, “Ìbínú ò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà.” Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, mo mọ̀ pé wọ́n pa òwe yìí fún yín náà. Mo kórìíra rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó pa á fún olè rí. Ẹni tí wọ́n jà lólè nìkan ni wọ́n máa ń pa á fún.

Màámi ń gbálẹ̀, wọ́n sì ń nu gíláàsì ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù, ní Warehouse Road. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn lọ́wọ́ ibà, kò sẹ́ni tó máa wò mí nílé, ni wọ́n bá mú mi dání lọ síbi iṣẹ́. Nínú yàrá tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí, mo gbójú sókè, mo rí pákó mi. Wọ́n ti fi férémù wúrà àti gíláàsì sí i. Wọ́n kọ ọ́ lédè òyìnbó sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ Ajégúnlẹ̀ kan ló yà á. Ọmọ kan ṣá!

Mo pariwo: “Màámi, èmi ni mo ya eléyìí! Ẹ̀yin nìyẹn!”

Wọ́n fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ bò mí lẹ́nu. Ọ̀gá yọ jáde, ó ní kí ló dé.

“Kò sí nǹkan kan, sà. Ọmọ yìí ń ṣeré ni.”

Ọ̀gá wo àwòrán, ó wo màámi. Màámi sì gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì níbi tí wọ́n dúró sí, síbẹ̀ ọkùnrin yìí ò rí nǹkan kan. Ó ní, “Ẹ rọra máa nu gíláàsì yẹn o, màdáàmù. It's expensive.”

Nígbà tí à ń lọ sílé mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti rí i tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ó ti tó oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n ti ń nu ojú ara wọn láràárọ̀, tí wọn ò sì sọ fún mi.

“Tí n bá sọ fún ẹ, tó o wá lọ pariwo níbẹ̀, kí la máa jẹ lálẹ́?”

 Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó kan màámi láti gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Wọ́n gbá a tán, wọ́n mú òòlù bàbá mi, wọ́n ní kí n gbé àwòrán mìíràn wá. Mo gbé e dé, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. “Kọ orúkọ rẹ kí n tó kan ìṣó.” Mo kọ ọ́ gàdàgbà: Síkírátù Àlàbí. Bí wọ́n ṣe ń kan ìṣó yẹn, mo mọ̀ pé sùúrù kọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn.

Bàbá onílé sáré jáde. “Ta ló ní kí ẹ máa lu ògiri mi?”

Màámi kúnlẹ̀ kí wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò ju òòlù sílẹ̀. “Ẹ má bínú, Alájì. Orúkọ ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ kà á.”

Alájì kà á, wọ́n sì wọlé lọ. Kí oṣù tó parí, Nkechi ti gbé tiẹ̀ wá, àwọn ọmọ ilé kejì náà gbé tiwọn wá. Ibẹ̀ ni ilé àwòrán wa ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù méjì tó wà nígun títì. A kì í gbowó iṣẹ́ níbẹ̀. Ṣe la ń pín ọjọ́ tí kálukú máa tọ́jú ibẹ̀, bí àwọn ará ilé ṣe ń pín ọjọ́ gbígbá ọ̀dẹ̀dẹ̀: wẹ́dà ní Mọ́ńdè, télọ̀ ní Túsìdeè, èmi ní Sátidé. Àwọn kan máa ń bi wá pé níbi tí omi kò sí, tí gọ́tà kún, ṣé àwòrán la fẹ́ jẹ ni? Rárá o. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí ọmọ Ajégúnlẹ̀ rí orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ di “ọmọ kan”. Ọdún mẹ́fà sí i ni màámi fi nu gíláàsì yẹn, títí iléeṣẹ́ náà fi kó lọ. A ò mọ ibi tí wọ́n gbé àwòrán náà sí.

Nígbà òjò tó kọjá, àwọn kan tún wá. Wọ́n ní àwọn máa bá wa pààrọ̀ páànù ilé àwòrán tó ń jò, kí a ṣáà jẹ́ kí àwọn fi àwòrán àwọn ọmọ ṣe kàlẹ́ńdà. Mo ní orúkọ wọn ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí, orúkọ máa ba dìsáìnì yẹn jẹ́. Ẹ jẹ́ ká kàn kọ ọ́ pé àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni.” Èmi Síkírátù, mo wo òrùlé, mo wo omi tó ń kán sínú báàfù, mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná.”

Mo padà sọ fún wọn pé rárá. Òrùlé ṣì ń jò. Ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó, inú mi ò sì tíì rọ̀ sí ara mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó pariwo ní Warehouse Road ì bá ti lé wọn kí wọ́n tó ríbi jókòó.