Ọjọ́ Tí Ọ̀gbẹ́ni Kúríà Lọ Rí Kọ̀lẹ́kítọ̀

Ẹ jẹ́ n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, torí ara mi kò tíì balẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti owó ọkọ̀ ná.

Láti Adelphi tí mò ń gbé lẹ́bàá Washington ní Amẹ́ríkà yìí, tí mo bá fi fóònù pe takisí pé kó gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà mi, owó tí wọ́n ń gbà lálọ nìkan, ẹ̀rù ń bà mí láti ṣẹ́ ẹ sí náírà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, kọ́bọ̀ díẹ̀ ló ń gbé mi láti Ìbàdàn dé Ìsẹ́yìn. Mo máa ra búrẹ́dì àti ẹyin sísè lọ́nà, mo sì tún máa ní ṣéńjì lápò! Ṣéńjì o! Ta ló ń rí ìyẹn lóde òní?

Èmi kì í sì í wọ takisí tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀. Bọ́ọ̀sì kántì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí, máa ń dúró níwájú ilé wa gan-an, àfi ìgbà tí wọ́n yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Wọ́n ní àwọn tó ń wọ̀ ọ́ níbẹ̀ kò pọ̀ mọ́, pé apá ibòmíràn ni èèyàn ń ya lọ. Wọ́n fa òpó ibùdókọ̀ wa tu. Àga irin tó wà níbẹ̀ nìkan ni wọ́n gbàgbé.

Láti ìgbà náà, bí mo bá jí, ojú fèrèsé ni mò ń lọ. Màá wo àga yẹn, màá padà wá jókòó, màá tún dìde. Kí ni mò ń wò? Ọ̀gbẹ́ni Kúríà ni. Ní àràárọ̀ ló ń lọ jókòó síbẹ̀, tó ń retí bọ́ọ̀sì tí kò ní wá.

Ará India ni Ọ̀gbẹ́ni Kúríà. Ilé-ìwé girama kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn la ti jọ ṣe tíṣà, nígbà tí tíṣà kò kárí, tí ìjọba ń gba àwọn ará India wá. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, òun ń kọ́ wọn ní Jọ́gíráfì. Ó jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é. Nígbà tó padà sílé, a ò gbúròó ara wa mọ́.

Àfi bí mo ṣe dúró ní ibùdókọ̀ yìí lọ́jọ́ kan, nígbà tó ṣì jẹ́ ibùdókọ̀, tí bàbá kan tó dé fìlà òtútù bo etí kí mi láti ẹ̀yìn: "Ẹ kú ìdúró o, Tíṣà!" Ohùn Ìsẹ́yìn pọ́ńbélé! Mo yíjú padà, mo rí ará India. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Lísà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló mú un wá sí Amẹ́ríkà, bí Fúnkẹ́ ọmọ tèmi náà ṣe mú mi wá. Ilé wọn dojú kọ tiwa. Ẹ ò rí ayé bí?

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe máa ń kọ́ni, torí ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá fẹ́ ṣàlàyé, agbègbè tí wọ́n bí i sí ló máa fi ṣe àpẹẹrẹ. "In my district." Bí ẹ̀kọ́ bá dá lórí òjò, in my district. Bó bá dá lórí iye èèyàn, in my district. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní Máì-Dísíríìkì, gbogbo ọjà Ìsẹ́yìn ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Gbogbo wa ló wá mọ dísíríìkì yẹn bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀ débi pé o kò ní mọ ibi tí abúlé kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ìrẹsì, àgbọn àti rọ́bà ni wọ́n ń gbìn. Ọ̀dọ́ tí kò bá ríṣẹ́ á gba ilẹ̀ Lárúbáwá lọ, owó tó bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi ń kọ́lé. Wọn ò lówó lọ títí, síbẹ̀ ilé ìwòsàn kò jìnnà, yàrá kan wà ní abúlé tí àwọn arúgbó ti ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́, bọ́ọ̀sì ìjọba sì ń dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Bí bọ́ọ̀sì kò bá wá ńkọ́? Ó ní ìyẹn kò le. Wàá wọ aṣọ tó dáa lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wàá lọ bá Kọ̀lẹ́kítọ̀ dísíríìkì. Kọ̀lẹ́kítọ̀ á jókòó, á gbọ́ tálákà, á gbọ́ olówó, á sì pàṣẹ.

Ọjọ́ tó sọ ìyẹn ni kíláàsì dàrú! Ọmọkùnrin kan tó ń jókòó lẹ́yìn ti túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó kù pé agbowó-orí ni. Ẹ rántí pé àwọn bàbá wọn ń sá wọ inú igbó tí wọ́n bá gbúròó agbowó-orí. Ọmọ náà dìde, ó ní sà, ta ni orí rẹ̀ pé tó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ fẹjọ́ sun agbowó-orí? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń lu tábìlì.

Kúríà wọ yàrá àwa tíṣà pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó ní kí n sọ ohun tí wọ́n ń pè ní agbowó-orí fún òun. Mo sọ fún un. Mo bá a padà lọ sí kíláàsì. Mo ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé àwọn òyìnbó ló fi orúkọ yẹn sílẹ̀ ní India, ṣùgbọ́n ẹni náà ni olórí gbogbo ètò ìjọba ní agbègbè rẹ̀, ọ̀nà ni o, omi ni o, oúnjẹ ni o. Mo ní, "Àjẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe agbowó-orí!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wá di àwàdà láàárín èmi àti ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí èkejì láàárọ̀ á ní, "Àjẹ́lẹ̀!" Èkejì á ní, "Kì í ṣe agbowó-orí!"

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó ti dé. Ìgbàgbé ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ mìíràn ó mọ̀ mí, lọ́jọ́ mìíràn màá ní "Àjẹ́lẹ̀!", á kàn máa wò mí bí ẹni ń wo òjò. Àtọ̀gbẹ tún wà lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí Lísà fi gba Bọ̀sẹ̀, ọmọ Ìbàdàn kan, pé kó máa dúró tì í tí òun bá lọ síbi iṣẹ́.

Ní Mọ́ńdè yìí, mo ń mu tíì lọ́wọ́ nígbà tí Bọ̀sẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn mi.

"Bàbá, ẹ dákun, ṣé Dádì wà lọ́dọ̀ yín?"

Mo ní rárá o. Ó bú sẹ́kún. Ó ní ìsàlẹ̀ lòun sọ̀ kalẹ̀ sí láti fọ aṣọ, pé nígbà tí òun máa fi padà, bàbá ti lọ, fóònù rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í bóyá bàbá ti jẹun.

"Wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ ṣúgà, sà. Mo ní tí mo bá dé ni màá gbé oúnjẹ fún wọn."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àìsàn yìí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́ yẹn tí kò jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ó lè dákú, ó lè kú! Nínú òtútù yìí? Arúgbó tí kò rántí orúkọ àdúgbò rẹ̀?

Lísà wà lórí fóònù, ó ń sunkún níbi iṣẹ́. Ó ti pe ọlọ́pàá. Wọ́n béèrè ohun tí bàbá sọ kẹ́yìn, Bọ̀sẹ̀ ní ó sọ pé òun ń lọ sí District. Níbí yìí, ẹni tó bá ti ní District, Washington ló ń sọ. Bí àwọn ọlọ́pàá ṣe kọjú síbẹ̀ nìyẹn.

Bọ̀sẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàbá, kì í ṣe Washington. District Heights ni. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì mi wà, gbogbo ìgbà tí mo bá dárúkọ ẹ̀ ni Dádì máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́."

Mo wọ ọkọ̀ rẹ̀ láìwọ ìbọ̀sẹ̀.

A dé District Heights. A yí po àwọn ojúlé, a yà níbi tí wọ́n ti ń ta epo, a kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tí mo bá rí: ará India, ó ga, ó ti dàgbà. Ọkùnrin kan tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù bábà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ tí kò wọ ìbọ̀sẹ̀, ó bi mí pé ta ló sọnù gan-an nínú àwa méjèèjì. Ṣé ẹ rí ìwọ̀sí?

A padà sínú ọkọ̀. Mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́.

"Bàbá, ẹ má fi ẹsẹ̀ lu ọkọ̀ mi mọ́, mi ò tíì san án tán."

"Ìwọ ọmọ yìí, wo iwájú ẹ! Kí ló wọ̀ jáde?"

"Kóòtù. Wọ́n so táì. Wọ́n tún fi òróró pa irun."

Táì kẹ̀? Kúríà tí kì í so táì ní Ìsẹ́yìn àfi tí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá ń bọ̀ wá bẹ̀ wá wò? Ta ló ń so táì nítorí kó lè lọ sọnù? Mo ní kí Bọ̀sẹ̀ rántí dáadáa, kí ló tún sọ?

Ó wá ní, "Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí Àǹtí Lísà gbọ́. Láti àná ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ lọ rí Kọ̀lẹ́kítọ̀. Mo rò pé àwọn tó ń lé onígbèsè kiri ni! Mo ní, Dádì, ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni, ẹ má dá wọn lóhùn."

"Àjẹ́lẹ̀!"

Igbe tí mo ké pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Bọ̀sẹ̀ fi tẹ búréèkì. "Bàbá! Ẹ fẹ́ pa wá ni? Ta ni àjẹ́lẹ̀?"

Ọjọ́ Mọ́ńdè. Aṣọ tó dáa. Bọ́ọ̀sì tí kò wá! Ẹ̀gbọ́n mi kò sọnù, ó lọ fẹjọ́ sùn bí wọ́n ṣe ń fẹjọ́ sùn ní dísíríìkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kò sí; bó bá dá takisí dúró lójú ọ̀nà, níbo ni takisí máa gbé e lọ? Bí ará Amẹ́ríkà bá gbọ́ Kọ̀lẹ́kítọ̀, kí ló máa rò ó sí? Ohun tí àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn rò ó sí náà ni!

Mo ní, "Bọ̀sẹ̀, ibo ni wọ́n ti ń san owó orí ilé ní kántì yìí?"

Kò tíì kọ́lé, kò mọ̀. A pe Fúnkẹ́, òun ló sọ fún wa. Gbogbo iná pupa tó dá wa dúró lọ́nà, bíi pé wọ́n ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ó wà níbẹ̀! Ó jókòó láàárín àwọn tó wá sanwó, táì ọrùn rẹ̀ gún régé, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún un wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ nínú òtútù. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Obìnrin tó wà lójú wíńdò sọ fún wa pé òun ti bi í títí pé èló ló fẹ́ san, ó ní òun kò wá sanwó, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì lòun bá wá. Obìnrin náà ní òun fẹ́ pe áńbúláńsì, ó sì pè é lóòótọ́ níṣojú wa.

Bọ̀sẹ̀ ti ṣí jùúsì. "Dádì, ẹ mu ún." Kúríà fi ọwọ́ tì í. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́!" Ó di ẹnu pa. Ó ní lédè òyìnbó pé ó dìgbà tí òun bá rí Kọ̀lẹ́kítọ̀. Ojú rẹ̀ ti ń yí. Kò mọ Bọ̀sẹ̀ mọ́. Kò mọ èmi náà.

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, orúnkún tèmi yìí náà, mo fẹnu sí i létí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ṣì yín gbé o. Ọ̀dọ̀ agbowó-orí lẹ wà."

Ó wò mí.

"Agbowó-orí?"

"Agbowó-orí ni, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe àjẹ́lẹ̀."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀ wá, ẹ̀rín tí mo mọ̀ láti yàrá àwa tíṣà. Ó ní, "Tíṣà! Àwọn ọmọ yẹn tún ti ṣe é!" Bó ṣe la ẹnu rẹ́rìn-ín báyìí ni Bọ̀sẹ̀ gbé jùúsì sí i lẹ́nu. Ó mu ún. Ó mu òmíràn. Nígbà tí àwọn oníṣègùn áńbúláńsì fi máa dé, òógùn ti ń gbẹ lójú rẹ̀, ó sì ń bi obìnrin ojú wíńdò léèrè bóyá ó ti jẹun.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n lè ṣọ́ ọ. Lísà bá wa níbẹ̀, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó dì mọ́ Bọ̀sẹ̀, tó rò pé wọ́n máa lé òun. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bí mo ṣe mọ ibi tí bàbá òun wà. Mo ní ó ti sọ fún wa láti Ìsẹ́yìn.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Ìtàn tí àgbàlagbà ilé yín ń tún sọ, tó ti sú yín, ẹ máa gbọ́ ọ. Ẹ bi í ní ìbéèrè. Ọjọ́ tí orúkọ, òpópónà àti ọjọ́ òní bá kúrò lórí rẹ̀, inú ìtàn yẹn ló máa gbà lọ, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló máa rí i mú padà. Àti pé ẹ má yọ òpó ibùdókọ̀ àwọn arúgbó láì bi wọ́n. Mo ti pe àwọn tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Mo ṣì ń lọ sójú fèrèsé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo ni bàbá tàbí ìyá yín máa ń sọ tí àwọn ará ibí máa ń ṣì gbọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà á, torí oorun kò kun ojú mi.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, Kúríà ní kí n sọ fún òun, àwa tíṣà yẹn, ta ló kù? Mo sọ fún un. Adéoyè tó ń kọ́ wọn ní Ìṣirò ti lọ. Ìyáàfin Ọlátúńdé wà n'Ìbàdàn, kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tọ́ gírámà mi sọ́nà lórí fóònù. Làmídì tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ àgbẹ̀ ti lọ. Pírínsípà wa ti lọ tipẹ́. Èmi wà.

Ó ní, "Máì-Dísíríìkì ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà, ẹ̀gbọ́n. Ó wà."