Èéfín Jọkẹ́ àti Itan Kòmáńdà

Nígbà tí ọkọ Jọkẹ́, tó jẹ́ ọdẹ, kú ní Kétu, àtẹ onígi orí ààrò ẹ̀yìnkùlé ni ogún tó fi sílẹ̀ fún un. Àwọn ọdẹ á gbé ẹtu tàbí àgbọ̀nrín wá, Jọkẹ́ á yan án títí yóò fi gbẹ, ọrùn ẹran á sì di tirẹ̀. Ọrùn yìí ló ń jẹ, òun náà ló ń tà. Itan kan ńkọ́? Ti olórí ìlú ni láyé àwọn baba wọn. Nígbà tí òyìnbó dé, kòmáńdà, aláṣẹ wọn, ló ń gbà á. Nígbà tí òyìnbó lọ, kò sẹ́ni tó sọ fún itan pé òmìnira ti dé.

Ni Mùsé Honoré, aláṣẹ tuntun tí ìjọba yàn, bá dé láti etí òkun, òun àti Sidonie ìyàwó rẹ̀. Ìjọba ti fún ipò rẹ̀ lórúkọ tuntun, ṣùgbọ́n kòmáńdà náà ni ìlú ń pè é, kò sì bínú sí i. Kò pẹ́ tí akéde fi lu agogo: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yan ẹran lẹ́yìnkùlé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yan ẹran, kó kọjá yàrà tó yí ìlú ká.

"Ìlú tó ti gbòmìnira kì í rùn," ni Mùsé Honoré wí.

Clément, gáàdì rẹ̀, ló gbé omi wá sídìí ààrò Jọkẹ́.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Òfin ni."

"Clément, ọrùn ẹran ta ni o jẹ dàgbà?"

"Tiyín ni. Ṣùgbọ́n òmìnira ti dé."

"Ṣé òmìnira kì í jẹ ẹran ni?"

Clément rẹ́rìn-ín, ó sì da omi sí i. Orúnkún Jọkẹ́ kò lè gbé ẹran kọjá yàrà. Ó fi àtẹ rẹ̀ ti ògiri, ó ń fi ilá lásán jẹ ọkà.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni, wọ́n ti sun ìgbẹ́, ọdẹ ń pa ẹran lójoojúmọ́. Ṣẹ̀hìndèmí, olórí ọdẹ, wá bá a.

"Jọkẹ́, itan kòmáńdà ńkọ́?"

"Òfin dá yíyan dúró, kò dá itan dúró. Ẹ gbé e fún un ní tútù."

Wọ́n sì gbé e lọ. Ará abúlé Kpankou gbé tiwọn wá, ará abúlé Odomèta gbé tiwọn wá. Mùsé Honoré kò lè kọ̀ ọ́: ní Kétu, ẹni tó kọ itan ti kọ ìlú. Kò pẹ́ tí eṣinṣin fi mọ ọ̀nà ilé ìjọba ju akọ̀wé lọ. Nínú gbogbo ìlú tó ti gbòmìnira, ilé kan ṣoṣo ló ń rùn.

"Èmi ò sùn nínú ilé yìí mọ́," ni Sidonie wí. Ó rán Clément lọ pe Jọkẹ́ tòun ti àtẹ rẹ̀.

Kí oòrùn tó kàntàrí, èéfín ti ń rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àsíá ilé ìjọba. Àwọn ọdẹ rí i. Ibi tí èéfín bá ti ń rú lójú kòmáńdà, ibẹ̀ ni òfin fọwọ́ sí. Wọ́n ru ẹtu, wọ́n ru àgbọ̀nrín, wọ́n wọ́ odindi ẹfọ̀n kan wọlé. Ṣẹ̀hìndèmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kòmáńdà, ẹ ṣeun o. A ti ń bú yín lẹ́yìn. A ò mọ̀ pé torí kí gbogbo ìlú lè máa wá yan ẹran lọ́dọ̀ yín ni ẹ ṣe pa ààrò wa."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, agogo akéde tún dún: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yan ẹran nílé ìjọba, kí kálukú máa yan tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ohùn kan náà ni akéde fi ké e, bí ẹni pé òfin ti tẹ́lẹ̀ náà ni.

Clément ló ru àtẹ náà padà sílé. Jọkẹ́ jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó tọ́ka sí ààrò tútù.

"Ìwọ lo pa iná rẹ̀. Fẹ́ ẹ."