Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Pín Rẹ́sóò

Ọmọ Kétu ni mí. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, mo sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá tí wọ́n sì ń kọ ọ́, nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi ní àdúgbò Plateau. Mo rò pé nítorí kíláàsì yẹn ni wọ́n ṣe ní kí n wá ṣe ògbufọ̀.

Lẹ́tà tí wọ́n fún mi kò gùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ láti Kútọnu, wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò ní láti sọ lórí ọ̀rọ̀ rẹ́sóò, ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Faransé ni wọn yóò fi bá wa sọ̀rọ̀. Kí n jọ̀ọ́, kí n wá bá wọn fi Yorùbá sọ ọ́.

Mo mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ilé iṣẹ́ fóònù ńlá kan ló kọ́kọ́ ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ọ̀nà Kaboua. Ẹni tó bá ní káàdì ilé iṣẹ́ náà lè pe ẹni tó fẹ́, ó sì lè wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń lo káàdì ilé iṣẹ́ mìíràn, kò ní tíì rìn jìnnà sí ìlú tí fóònù rẹ̀ yóò fi di aago lásán. Bẹ́ẹ̀ ni àwa kan ṣe ń ra káàdì méjì, tí àwọn mìíràn sì ń ra fóònù méjì. Ohun tí ìjọba fẹ́ mọ̀ ni bóyá kí òfin pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pé kí wọ́n ṣí òpó wọn sílẹ̀ fún àwọn yòókù, kí káàdì tí ènìyàn bá ní, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, lè bá a ṣiṣẹ́.

Ọ̀yẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Gbọ̀ngàn ìpàdé ti kún kí n tó dé. Àwọn ará Kaboua jókòó lápá kan, àwọn ará Ofè lápá kejì, àwọn oníṣòwò kájú sì wà lẹ́yìn. Ọ̀gá obìnrin kan ló ṣáájú àwọn tó wá láti Kútọnu. Ọkùnrin kan tó jókòó tì í ló ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀.

Obìnrin náà sọ̀rọ̀ ní ṣókí, ó sì wò mí. Mo dìde. Mo kí àwọn àgbà, mo ní, "Ìjọba ní kí n bi yín léèrè. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kí wọ́n pín rẹ́sóò wọn?"

Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá àgbẹ̀ kan láti Ofè, tó wọ fìlà òwú, na ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Màdáàmù, ẹ bá mi sọ fún wọn. Rẹ́sóò tí a ní, orí òkìtì ni mò ń gùn kí n tó rí i. Tí òjò bá ṣú, kò sí mọ́. Díẹ̀ ni. Tí wọ́n bá wá pín díẹ̀ yẹn sí mẹ́ta, kí ni yóò kan àwa?"

Mo sọ ọ́ ní Faransé. Ọ̀gá obìnrin náà mi orí. Ó ní irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ń sọ, pé bí èrò bá pọ̀ jù lórí òpó kan, iṣẹ́ rẹ̀ á falẹ̀. Nítorí náà kò sí ohun tó yà á lẹ́nu, kò sì ya èmi náà lẹ́nu. Ẹni mẹ́ta mìíràn ti bàbá náà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tí kò fẹ́ na ọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku ẹnìkan nínú gbọ̀ngàn. Ọkùnrin òǹkọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fa ìlà sí i nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí a lọ sinmi díẹ̀.

Mo wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, mò ń mu omi, nígbà tí agbẹ̀bí kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kaboua wá bá mi. Èmi àti òun mọra díẹ̀. Ó gbọ́ Faransé, ó sì gbọ́ Yorùbá.

Ó ní, "Màdáàmù, kí ni ẹ sọ fún wọn?"

Mo ní, "Ohun tí ọ̀gá yẹn sọ ni."

"Rárá o. Ẹ ní kí wọ́n pín in. Bí ẹni pín iṣu ni wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Ta ni yóò ní kí wọ́n gé iṣu tí kò tó òun?"

Mo kọ́kọ́ fẹ́ jà fún ara mi. Mo sọ fún un pé "partager", ọ̀rọ̀ Faransé tí ọ̀gá náà lò, kò ní ìtumọ̀ mìíràn ní Yorùbá ju "pín" lọ. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn sọ fún mi nípa aláboyún kan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí òun fẹ́ pe mọ́tò ilé ìwòsàn, tí káàdì òun kò sì rí nǹkan kan. Ó sáré jáde lọ yá fóònù lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta bùrẹ́dì lójú ọ̀nà. Òpó tí fóònù obìnrin náà ń lò wà lókè orí àwọn méjèèjì.

"Ìyá yẹn yè, ọmọ náà yè," ó wí. "Ṣùgbọ́n mo na ọwọ́ mi pé mo fẹ́, èmi nìkan, gbogbo wọn sì ń wò mí."

Mo gbé ife omi kalẹ̀. Òtítọ́ ló sọ. Ẹnu mi ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Faransé ni orí mi ń rò. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ènìyàn ní kíkà àti kíkọ! Ojú tì mí gan-an, ó sì ṣe mí bí ẹni pé kí n dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Wọ́n ti kọ ọ́, wọ́n ti fa ìlà sí i nísàlẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mò ń wo àwọn bàbá tí wọ́n ń fọ́ ẹ̀pà jẹ lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n gbà pé mo ti bá wọn jíṣẹ́. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Mo lọ bá ọ̀gá obìnrin náà, mo sì sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ọkùnrin òǹkọ̀wé ní àkókò ti lọ, ohun tí wọ́n ti sọ ni wọ́n ti sọ. Obìnrin náà yíjú sí mi. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ lè sọ fún wọn fúnra yín?"

Nígbà tí a wọlé padà, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, èmi ni mo ṣì í sọ. Wọn kò ní gé rẹ́sóò fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá kí gbogbo ilé iṣẹ́ jọ máa lo òpó kan náà. Jíjọ lò ni, kì í ṣe pínpín."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàbá onífìlà òwú kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Á jẹ́ pé bí ọ̀nà oko ni. Ẹnìkan ló là á, gbogbo ẹsẹ̀ ló ń gbà á."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ẹni tó là á ńkọ́? Nígbà tí kò sí ẹni tó yà sọ́dọ̀ wa, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wá. Tí àwọn ilé iṣẹ́ tó jókòó sí Kútọnu bá wá ń gbà á lófẹ̀ẹ́, ta ni yóò tún la òmíràn lọ sí abà tó wà lẹ́yìn wa?"

Mo túmọ̀ ìyẹn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá obìnrin náà gbé kálámù tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́.

Agbẹ̀bí dìde. Ó ní, "Bàbá, kí wọ́n san owó ọ̀nà fún ẹni tó là á. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe gbé igi dí i mọ́ aláìsàn."

Láti ìgbà náà lọ, n kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé bí ẹ ṣe sọ ọ́ nìyí?" Ó fa ìpàdé gùn, àwọn kan tilẹ̀ dìde lọ. Nígbà tí wọ́n tún ní kí a na ọwọ́, àwọn tó fẹ́ pọ̀ ju àwọn tí kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Àwọn oníṣòwò kájú kan ṣì ń bẹ̀rù pé íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn á máa fà lákòókò tí wọ́n bá ń wá iye tí kájú ń lọ lọ́jà. Bàbá onífìlà òwú kò na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́, bí àwọn tó ń gba ọ̀nà náà yóò bá máa bá ẹni tó là á ro koríko rẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a jáde, mo lọ kí i, mo sì tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹnu àgbẹ̀ náà máa ń ṣìnà. Ìwọ padà wá wí i." Ó gun ẹ̀yìn alùpùpù ẹni tó gbé e wá, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà Ofè.

A kò tíì gbọ́ ohun tí ìjọba pinnu. Èrò tèmi ni pé kí òfin náà wà, ṣùgbọ́n kí ìbéèrè bàbá yẹn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀gá obìnrin náà pè mí lẹ́yìn oṣù kan, ó ní àwọn ń lọ sí ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, báwo ni kí àwọn ṣe sọ ọ́? Mo sọ fún un. Mo tún rọ̀ ọ́ pé, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́, kí ó ní kí ẹnìkan nínú àwọn tó jókòó dìde, kí onítọ̀hún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́.