Àgò Bàbá Ògúnjìmí

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Bàbá Ògúnjìmí ní Òkè-Afà, ọ̀rọ̀ abúlé yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ fà yọ. Ìgbà tí owó epo gbòde ni, tí gbogbo Ìsọlọ̀ ń wó ilé alámọ̀ láti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Ìjọba wá tún abúlé àtijọ́ kan ṣe lóko, káwọn èèyàn lè máa wá wò ó. Ṣọ́ọ̀ṣì kó àwọn àgbà lọ. Gbogbo wọn rọ́ wọlé gìrìgìrì. Bàbá nìkan ló dúró síta nínú oòrùn.

"Àgò onílé o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Kíkẹ́lọmọ, ọmọbìnrin tó ń mú àlejò káàkiri, ní, "Bàbá, ẹ máa wọlé. Kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀."

"Ilé tí wọ́n gbá, tí omi kún àmù rẹ̀? Wọ́n lọ odò ni. Màá dúró."

"Bàbá, mọ́tò fẹ́ lọ o!"

"Kó máa lọ. Èmi kì í wọlé onílé bí olè."

Dẹ́rẹ́bà fun fèrè títí. Nígbà tó sú Kíkẹ́lọmọ, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó pariwo: "Àgò yà o!" Ni Bàbá bá ṣí fìlà, ó wọlé wẹ́rẹ́. "Ẹ kúulé, ìyálé ilé. Ẹ pẹ́ lódò o."

Ilé tiẹ̀ ńkọ́? Látìgbà tí Àrìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ṣì ń ké àgò lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀. Á dúró. Ilé á pa lọ́lọ́. Nígbà tó bá yá, á rọra wọlé. Olúbọ̀wálé ọmọ rẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n fún un, kó má baà dá wà. Ọkùnrin inú rẹ̀ ní, "Ẹ káalẹ́ o." Bàbá dáhùn, ó béèrè aya, ó béèrè ọmọ. Ọ̀rọ̀ epo ni ọkùnrin náà ń sọ lọ ràì. Bàbá yí i kọjú sógiri: "Ẹ máa bára yín sọ ọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ò létí."

Lucy, ayálégbé ọ̀ọ́kán, ló ń gbọ́ àgò yìí lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó yọrí lójú fèrèsé: "Àgò yà o!"

Bàbá dúró gbagidi. "Lucy, ṣé ìwọ lo nilé ni?"

"Rárá, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo wà nílé."

Látọjọ́ náà, bí Lucy bá lọ ṣíìfù ní iléeṣẹ́, Bàbá á jókòó sórí pèpéle, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Àwọn tó ń kọjá á ní, "Bàbá, ẹ ò wọlé?"

"Ta ló dá mi lóhùn?"

Oòrùn ń pa á, òjò ń pa á. Lucy á máa sáré ti ibi iṣẹ́ bọ̀ bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú Bàbá wálé, àwọn tó gbé pósí ti fẹ́ wọlé, Olúbọ̀wálé dá wọn dúró. Ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Àgò o."

Lucy wà nínú ilé Bàbá, ó ń tẹ́ ibùsùn tí wọ́n máa tẹ́ òkú sí.

"Àgò yà, Bàbá," ló wí. "Ẹ pẹ́ lódò o."