Igi Tí Thérèse Kò Fẹ́ Létí Títì

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Kétu, níbi tí ọ̀nà ti yà sí Odomèta, ni Thérèse ti ń tọ́ ọ̀dọ́ igi tà. Ọkọ rẹ̀, Crépin tíṣà, ló bá a ṣí ilẹ̀ ibẹ̀. Crépin fẹ́ràn òdòdó púpọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́lé tán, ó ní igi kan ló wu òun níwájú ilé: flambọ́yàn, tí gbogbo orí rẹ̀ máa ń pọ́n yòò bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló gbìn ín sáàárín ògiri àti títì.

Igi náà dàgbà, ó sì tẹ́ bí agboòrùn. Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ wá gbẹ́ gọ́tà, wọ́n gé gbòǹgbò rẹ̀ lápá kan. Ewé rẹ̀ kò rọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó bìkítà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìjì ṣáájú òjò dé. Crépin ń ti alùpùpù rẹ̀ wọlé nígbà tí igi náà wó lù ú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú.

Thérèse ní kí wọ́n gé igi náà kó lọ. Kò jẹ́ kí wọ́n fi dáná nínú ilé òun.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mérì, ìyẹn ìjọba ìlú, fẹ́ gbin igi sétí títì tuntun, wọ́n sì pe àwọn ará àdúgbò kí wọ́n wá yan èyí tó yẹ. Ghislaine, òṣìṣẹ́ mérì tí kò tíì pẹ́ ní Kétu, ló darí ìpàdé.

Latifou télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Flambọ́yàn ni kí a gbìn. Ìlú á lẹ́wà."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ghislaine yíjú sí Thérèse.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ máa tọ́ ọ. Kí lẹ rí sí i?"

Thérèse dìde. "Ó lẹ́wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kì í jìn, ó sì ń fẹ́ àyè. Gọ́tà wà lápá kan, ilé wà lápá kejì. Ibẹ̀ há jù." Ó wo Latifou. "Òun ló pa ọkọ mi, bàbá Gloria."

Latifou wà lára àwọn tó gbé igi kúrò lára Crépin.

"Ẹ má bínú, màmá," ó ní. "Mo gbàgbé ni."

"Mi ò bínú. Ó ti pẹ́."

Wọ́n yan igi kásíà fún títì. Ghislaine wá béèrè bóyá flambọ́yàn lè wà ní pápá ilé ẹ̀kọ́, níbi tí kò sí ògiri nítòsí.

"Ibẹ̀ gbà á," Thérèse ní. "Ibẹ̀ ni Crépin ti kọ́ ọmọ. Màá tọ́ ọ."

Ó bu omi gbígbóná sí kóró igi náà kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀. Ó jókòó tì í, ó sunkún títí omi fi tutù. Lẹ́yìn náà ó gbìn ín.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbin igi sí pápá, Latifou ló wá kó àwọn ọ̀dọ́ igi náà. Thérèse kò lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ghislaine wá wò ó.

"Màmá, a retí yín."

"Mo ti wọṣọ tán, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi."

Ghislaine kò sọ pé kó gbàgbé. Ó fa àpótí, ó jókòó tì í. Thérèse bẹ̀rẹ̀ sí í sọ irú ẹni tí Crépin jẹ́, bó ṣe máa ń ṣi orin kọ tó bá ń bomi rin òdòdó. Òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, Thérèse sì gbé ohùn sókè kí Ghislaine lè gbọ́.