Ilẹ̀kùn Tí Ọmọ Mi Kò Ṣí Fún Mi

Ní ìdílé tiwa ní Abẹ́òkúta, ìyá ni í kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé àga tí ọmọ rẹ̀ yóò máa jókòó lé ṣiṣẹ́, kí ó sì súre sí i. Mo ṣe é fún àkọ́bí mi ní yunifásítì tó wà ní Alábàtà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa bàálù, ni ó kù.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ sí Àbújá, ó fi èmi àti ìyá ìyàwó rẹ̀ sínú bàálù tí òun fúnra rẹ̀ ń wà láti Èkó, kí a lè bá wọn kó ọmọ jáde. Oníṣòwò aṣọ ni obìnrin náà, láti agbo ilé Mùsùlùmí kan ní Òwu. N kò fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, àfẹ́sọ́nà ọmọ mi, wá kí mi, ẹnu ọ̀nà ni mo ti dá a lóhùn. Ilé onígbàgbọ́ ni ilé mi. N kò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí a gbéra, mo ní kí ọmọbìnrin tó ń pín omi ṣí ilẹ̀kùn yàrá awakọ̀ fún mi.

“Òfin kò gbà á, mà. Èrò kì í wọ ibẹ̀ bí a bá wà lókè.”

“Èmi ni mo bí ẹni tó ń wà á.”

“Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Ẹ de bẹ́líìtì yín.”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ìyá ìyàwó náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé agbómikiri kì í bá olùkọ́ àgbà bí èmi ṣàwàdà. Ó ní kí n dúró títí a ó fi balẹ̀. Nílẹ̀, ọwọ́ ọ̀gá awakọ̀ ni àṣẹ wà.

A balẹ̀, àwọn èrò sọ̀kalẹ̀ tán, ilẹ̀kùn náà sì ṣí. Ọmọ mi tẹríba.

“Ẹ kú ìrìn, Mọ́mì.”

“Yà fún mi, kí n súre sí àga rẹ.”

“Òfin ni, Mọ́mì.”

“Wọ́n ní ọwọ́ rẹ ni àṣẹ wà.”

“Ọwọ́ mi náà ni.” Ó na ọwọ́ kọjá mi sí ìyá ìyàwó rẹ̀. “Ẹ máa bọ̀, Ìyá. Ẹ má fi orí gbá òkè ilẹ̀kùn.”

Obìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé àga náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti gbọ́ tí mo ń ròyìn àṣà wa nínú bàálù, ó sì ń gbàdúrà ní èdè Lárúbáwá. Ọmọ tí mo bí ń ṣe àmín.

“Ẹni tó bá gba ìyàwó mi sílé,” ni ó wí, kò gbé ohùn sókè, “ni èmi náà lè gbà síbí.”

Mo ní n kò ní ṣépè fún un, ṣùgbọ́n ire tí mo gbé bọ̀ kò sí fún un mọ́.

“Ó dáa, mà. Ẹ rọra sọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn ga.”

Bí ó ti ń pe gbogbo èrò ni ó ṣe pè mí.

N kò bá wọn dé ibi ìkómọ. Mo padà sílé. Wọ́n ti ránṣẹ́ bi mí léèrè orúkọ tí mo fẹ́ sọ ọmọ náà, kí wọ́n lè fi kún àwọn orúkọ rẹ̀. Mo ti yan orúkọ. N kò sọ ọ́ fún wọn.