Gíláàsì Ọkọ̀ Àna Mi

Kò sí rewáyà tó mọ iná ọkọ̀ tó mi láti Challenge títí dé Bódìjà. Pírámárì mẹ́ta ni mo kà, ó sì tó mi. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, bí wọ́n bá máa sọ òótọ́.

Wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ring Road lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ gbé ìyá wọn ní ọsibítù ní Jẹ́ríkò. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá. Dókítà ní atẹ́gùn ò gbọdọ̀ fẹ́ sí i, omi ò gbọdọ̀ ta sí i. Gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ àna mi sì ti wọnú ilẹ̀kùn lọ, kò gòkè mọ́. Òjò ti ṣú. Ká gbé Màmá sínú takisí, wọn ò gbà. Ọlọ́kọ̀ ni wọ́n.

Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì ló bàjẹ́, pé àwọn ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tórí ń fọ́, tó ń pààrọ̀ fìlà.

Àna ni wọ́n, mo ti dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mi ò lè bú wọn. Ilẹ̀kùn ni mo kọjú sí.

“Ìwọ ilẹ̀kùn yìí, olóríkunkun ni ẹ́. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ fún ẹ, o ò gbọ́n. Wọ́n tún pààrọ̀ rẹ̀, o tún wá gọ̀ sí i.”

Wọ́n ní ta ni mò ń bá wí.

“Ilẹ̀kùn ni, ẹ̀gbọ́n.”

Gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ikọ́ bo ẹ̀rín.

Mo ní kí wọ́n tẹ swíìṣì mọ́lẹ̀. Mò ń ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀, mò ń pa á dé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣí dé ìdajì, gíláàsì ta kìjí, ó gòkè díẹ̀, ó tún dákẹ́. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kì í mọ ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Wáyà ló já, nínú rọ́bà tó gba àárín òpó ọkọ̀ àti ilẹ̀kùn, níbi tó ti ń tẹ̀ tó ń nà lójoojúmọ́.

Mo bọ́ rọ́bà náà, ẹ̀gbọ́n bá mi tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Wáyà méjì ti já, wọ́n ti dípẹtà, ẹnìkan sì ti fi ọ̀rá búrẹ́dì wé wọn pọ̀.

Mo bi ilẹ̀kùn pé, “Ta ló ṣe ẹ́ báyìí?”

Ilẹ̀kùn ò fèsì. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló fèsì: wọ́n ní òjò ń bọ̀, kí n yéé fi ẹnu ṣiṣẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ ẹni tó jẹ búrẹ́dì.

Mo gé ibi tó ti jẹrà, mo fi wáyà tuntun tó gùn díẹ̀ sí i, kó lè máa rí àyè nà. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó ojú rẹ̀ pọ̀, mo fi téèpù wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gíláàsì gòkè, ó dé òpin.

Mo bá wọn dé Jẹ́ríkò. Bí ọkọ̀ ṣe gbé Màmá jáde ní ọsibítù báyìí, òjò dé. Ẹ̀kán kan ò wọnú ọkọ̀. Màmá, tí wọ́n ti di ojú wọn, béèrè ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe.

“A jọ ṣe é ni, Màámi,” ni ọmọ wọn wí.

Mo ní, “Òótọ́ ni, Mà. Ẹ̀gbọ́n ló tan tọ́ọ̀ṣì.”

Títí a fi délé, ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì ni Màmá ń wúre fún.